Arthur Wharton, Aṣọ́lé Ará Àkrá

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí máa ń bi wá ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́, ìbáà ṣe ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n á ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ ni bọ́ọ̀lù gbígbá?" Ẹni tó bá ti béèrè bẹ́ẹ̀, a ti mọ̀ pé ó ní ọmọ kan nílé tó ń sá kúrò níbi iṣẹ́ tó ń kọ́, tó ń lọ sí pápá. Ọ̀gá rẹ̀ ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn títí, ó ti sú u. Ọmọ náà sì ń sọ fún gbogbo ayé pé Ìlú Òyìnbó ni òun ń lọ, pé ẹsẹ̀ òun ni òun yóò fi kọ́lé fún ìyá òun.

Èsì wa ni pé iṣẹ́ ni. Láti ọdún 1885 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà pé kí ènìyàn máa gba owó nítorí pé ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ wo ni? Ọdún mélòó ni ènìyàn lè fi ṣe é? Kí ni ó sì ń kù sí ọwọ́ ẹni tó ṣe é, nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá lè sáré mọ́? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni ó yẹ kí á bi ara wa. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín, tó ṣe iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ títí dé òpin. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bíi tiwa. Orúkọ rẹ̀ ni Arthur Wharton. Òun ni ọ̀pọ̀ òpìtàn kà sí ẹni dúdú àkọ́kọ́ tó fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní Àkrá ni a bí i, ní àdúgbò Jamestown, ní ọjọ́ 28 oṣù October ọdún 1865. Gold Coast ni wọ́n ń pe ilẹ̀ náà nígbà yẹn. Gánà ni à ń pè é nísinsìnyí. Àkrá kì í ṣe ibi àjèjì sí ará Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn bàbá àti ìyá wa ti ṣòwò káàkiri ilẹ̀ náà, láti etí òkun títí dé Tamale lókè, kí ìjọba ibẹ̀ tó lé àwọn àlejò ní òpin ọdún 1969. Bí a bá ti ń sọ pé "ará Àkrá", ẹ má ṣe rò pé ibi tó jìnnà ni a ń sọ.

Bàbá Arthur jẹ́ àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Henry Wharton ni orúkọ rẹ̀. Láti erékùṣù kan tí wọ́n ń pè ní Grenada, ní òdìkejì òkun, ni ó ti wá. Òyìnbó ará Scotland ni ó bí Henry, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ẹni dúdú. Ìyá Arthur ní tirẹ̀, Annie Florence Egyriba, jẹ́ ọmọ ìdílé ọba láàrin àwọn Fanti. Nítorí náà, ilé ọlá ni a bí ọmọ yìí sí. Kò sí ẹni tó rò pé bọ́ọ̀lù ni yóò gbá jẹun.

Ohun tí wọ́n rán an lọ kọ́ ni iṣẹ́ ajíhìnrere àti olùkọ́. Ní ọdún 1882 ni ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 17. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè wá sí ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Ọdún 1896 ni St. Andrew's College tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ọdún 1898 sì ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nítorí náà Arthur gba orí omi lọ. Ní ọdún 1884 ó dé Cleveland College ní ìlú Darlington, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú rélùwéè ni Darlington, ìlú irin àti èéfín.

Níbẹ̀ ni ọ̀nà ti yà. Wọ́n rí i pé ọmọ yìí lè sáré ju bí wọ́n ti lérò lọ. Ó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, ó ń gun kẹ̀kẹ́ nínú eré ìje, ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní oṣù July ọdún 1886, ó lọ sí ìdíje eré sísá ti gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń wọ aṣọ Chelsea, ẹ fetí sílẹ̀: ní Stamford Bridge ni wọ́n ti sá eré náà. Ibẹ̀ ni pápá Chelsea nísinsìnyí, ṣùgbọ́n nígbà yẹn ó ku nǹkan bí 19 ọdún kí wọ́n tó dá Chelsea sílẹ̀. Yáàdì 100 ni wọ́n sá, èyí tó kéré díẹ̀ sí gígùn pápá bọ́ọ̀lù ńlá. Arthur sá a ní ìṣẹ́jú-àáyá 10 péré. Bí ẹ bá rọra ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá, ó ti dé òpin. Kò tíì sí ẹni tó sá a báyìí tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìdíje orílẹ̀-èdè náà rí. Ní ọdún 1887 ó tún padà lọ, ó sì tún borí.

Ẹni tó yára tó báyìí, iwájú ni ẹ ó rò pé wọn yóò fi í sí, kí ó máa lé bọ́ọ̀lù. Rárá o. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi í sí, láàrin òpó méjì. Aṣọ́lé ni wọ́n fi í ṣe, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní kípà.

Ó yẹ kí á sọ bí iṣẹ́ aṣọ́lé ti rí nígbà náà, nítorí kò rí bíi ti ìsinsìnyí. Kò sí àwọ̀n lẹ́yìn aṣọ́lé. Ọdún 1891 ni àwọ̀n tó wọlé. Ọdún yẹn náà ni pẹnáritì tó wọlé. Òfin gba aṣọ́lé láyè láti fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù níbikíbi ní ìdajì pápá ti ẹgbẹ́ tirẹ̀, títí di ọdún 1912. Ẹ lè rò pé ọlá ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó kù: nígbà tí Arthur ń bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀tá lè fi èjìká kọlu aṣọ́lé, kí wọ́n gbé e ṣánlẹ̀, bí bọ́ọ̀lù kò tilẹ̀ sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan á máa wá fún bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á máa wá fún aṣọ́lé. Ẹni tí kò lágbára, tí kò sì láyà, kì í pẹ́ níbẹ̀.

Arthur láyà, ó tún ní àrà tirẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òpó ni ó máa ń lóṣòó sí, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀, yóò fò jáde lójijì bí ológbò tó rí eku. Ó ní ẹ̀ṣẹ́ tó le púpọ̀ tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù dànù. Bí ẹ̀ṣẹ́ náà kò bá bá bọ́ọ̀lù, ó lè bá orí ẹni tó wà nítòsí. Ọkùnrin kan tó ti rí i lójú ara rẹ̀ kọ ìwé sí ìwé ìròyìn kan ní ìlú Sheffield ní ọdún 1942. Ó ní òun rí Arthur lọ́jọ́ kan tó di igi òkè mú, tó gbé ara rẹ̀ sókè, tó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì há bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà, òun kò rí ẹlòmíràn tó tún ṣe irú rẹ̀. Ẹ wo iye ọdún tó ti kọjá, ọkùnrin náà kò sì gbàgbé.

Darlington ni ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ ṣọ́lé fún. Ní ọdún 1886 àwọn ará Preston North End wá mú un. Preston wà lára àwọn ẹgbẹ́ tó lágbára jù lọ nígbà náà. Pẹ̀lú wọn ni ó fi dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1887, kí West Bromwich Albion tó nà wọ́n. Gbogbo ènìyàn kọ́ ló yìn ín. Ìwé ìròyìn kan ní ọdún náà fi àwọ̀ ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní agbárí rẹ̀ ti nípọn jù láti mọ̀ pé ojú ilé kì í ṣe ibi eré. A kò ní tún ọ̀rọ̀ náà sọ jù báyìí lọ. Ẹni tó kọ ọ́ ti kú, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́.

Ó fi Preston sílẹ̀ ní ọdún 1888 láti máa sáré fún owó ní Sheffield. Bí ayé ti rí nìyẹn. Ọdún náà gan-an ni àwọn ẹgbẹ́ 12 dá Líìgì sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Preston gba Líìgì náà, wọ́n tún gba ife ẹ̀yẹ, ẹgbẹ́ kan kò sì nà wọ́n nínú àwọn ìdíje méjèèjì. Títí di òní ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa wọn. Arthur kò sí níbẹ̀.

Ní ọdún 1889 ni ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Rotherham Town, kí wọ́n máa san owó fún un. Láti ìgbà yẹn ni bọ́ọ̀lù ti di iṣẹ́ rẹ̀. Ní Rotherham ló ti fẹ́ ìyàwó ní ọdún 1890, ọmọbìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Emma Lister. Níbẹ̀ náà ni ó ti rí àwọn ọdún tó dára jù lọ nínú iṣẹ́ náà. Rotherham gba Líìgì àwọn ìlú àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1892 àti 1893, wọ́n sì gbà wọ́n wọ ìpele kejì nínú Líìgì ńlá. Bí bọ́ọ̀lù bá tán, Arthur á máa mójú tó ilé ọtí. Owó bọ́ọ̀lù nìkan kò lè tó.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ nídìí ìwé àdéhùn yìí, nítorí ó kan ẹ̀yin náà. Láti ọdún 1893, òfin kan wà pé bí agbábọ́ọ̀lù bá ti fọwọ́ sí ìwé fún ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ náà ló ni ín. Bí àdéhùn bá parí, kò lè lọ sí ibòmíràn àfi bí ẹgbẹ́ náà bá yọ̀ǹda rẹ̀. Wọ́n lè dá owó rẹ̀ dúró, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ó lọ. Ní ọdún 1901 wọ́n tún fi òfin mìíràn kún un: kò sí agbábọ́ọ̀lù tó gbọ́dọ̀ gbà ju pọ́n-ùn 4 lọ ní ọ̀sẹ̀, bó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n gbá tó. Ẹni tí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ènìyàn sanwó wá wò, àti ẹni tí kò sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀, iye kan náà ni ìkángun owó wọn. Ọdún 1907 ni àwọn agbábọ́ọ̀lù tó dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ ní Manchester, èyí tó dúró. Òfin owó yẹn kò sì kúrò títí di ọdún 1961.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí fúnra yín lónìí, ẹ ti kúrò ní ẹni tí wọ́n ń gbé íǹkì sí níwájú pé kó tẹ̀ka. Bí ẹnì kan bá wá sí ilé yín, tó ní éjẹ́ǹtì ni òun, tó ní òun yóò mú ọmọ yín lọ gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun, ẹ gba ìwé rẹ̀, ẹ kà á. Ẹ wo orúkọ ẹgbẹ́, ẹ wo iye ọdún, ẹ wo ẹni tí yóò san owó ọkọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ló ní kí ẹ san owó, ẹ fura. Láti ọdún 2001 ni FIFA, àwọn tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní gbogbo ayé, ti ṣòfin pé ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn, àfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀. Ọmọ ọdún 15 tí wọ́n ní Sípéènì ń dúró dè, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ìwádìí.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀dọ̀ Arthur. Ní ọdún 1894 Sheffield United mú un. Ìpele kìíní ni ẹgbẹ́ yìí wà, níbi tí àwọn ọ̀gá wà. Ẹ ó rò pé ó ti dé ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni àwọn ọ̀dọ́ ń jáde. Ọmọkùnrin kan wà ní Sheffield United, William Foulke, tí kò ju ọmọ ogún ọdún lọ. Òmìrán ni ọmọ náà, ó ga, ó sì fẹ̀. Nígbà tó yá ó sanra débi pé gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ ọ́n nítorí ìwọ̀n ara rẹ̀. Bí ó bá ti dúró sójú ilé, kò sí ẹni tó lè fi èjìká tì í. Arthur ti súnmọ́ ọgbọ̀n ọdún. Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n fi í sí, kí ó máa wo Foulke.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n fi í sójú ilé nínú ìdíje ìpele kìíní. Ọdún 1895 ni, wọ́n bá Sunderland gbá a. Ọjọ́ náà ni ẹni dúdú kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ẹ bá rí àwọn ọmọ wa nínú tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ Sátidé, tí wọ́n kún inú pápá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bámúbámú, ẹ rántí pé ẹ̀kan péré ni ẹni tó ṣíwájú wọn rí gbá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni. Ó padà sí Rotherham. Ó lọ sí Stalybridge Rovers. Ó lọ sí Ashton North End, owó tán lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yẹn, wọ́n tú ká. Ó tún padà sí Stalybridge. Ọ̀dọ̀ Stockport County ni ó ti gbá èyí tó kẹ́yìn, ní ọdún 1902. Ó ti di ọmọ ọdún 36. Bí a bá ka gbogbo rẹ̀ láti Darlington, ọdún mẹ́tàdínlógún ni iṣẹ́ náà. Ó pẹ́ gan-an fún aṣọ́lé tí wọ́n ń gbé ṣánlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni ọdún 36 ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ láàrin àwọn àgbẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń gba ilẹ̀ tuntun láti fi gbin kaṣú. Ẹni tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́, ìgbà náà ni ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù, ìgbà náà ni tirẹ̀ parí.

Kí ni ó wá ṣe? Kò sí owó ìfẹ̀yìntì. Ìwé tí wọ́n rán an lọ kà, kò kà á parí. Kò di àlùfáà, kò di tíṣà. Kò padà sí Àkrá. Kòtò èédú ni ó wọ̀. Èédú tí a ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí a fi igi sun. Òkúta dúdú ni, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á, irú èyí tí wọ́n wà ní Enúgu. Ìlú Edlington, nítòsí Doncaster, ni Arthur ti ṣiṣẹ́, níbi ìwakùsà tí wọ́n ń pè ní Yorkshire Main. Kì í ṣe ọ̀gá níbẹ̀. Ó wà lára àwọn tó ń fa èédú láti ibi tí wọ́n ti wà á. Ẹsẹ̀ tó sá yáàdì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá 10, òun náà ni ó fi ń tẹ̀lé ọmọlanke èédú.

Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù December ọdún 1930, ó jẹ́ ẹni ọdún 65. Kò ní owó. Inú itẹ́ òkú Edlington ni wọ́n sin ín sí, wọn kò gbé òkúta lé e, wọn kò kọ orúkọ sí i.

Ẹnì kan lè sọ pé nítorí pé ayé ìgbà náà burú ni, pé ó yàtọ̀ sí ti àwọn tó dé lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí á wo ará ilé wa, Teslim Balogun, ẹni tí wọ́n ń pè ní "Thunder" nítorí bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti ń sán bí àrá. Iwájú ni tirẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn. Èkó ni a bí i sí, ní ọdún 1927. Ní ọdún 1949 ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà 18 tó wọ ọkọ̀ òkun Apapa lọ bá àwọn òyìnbó gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wọ bàtà. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi gbá a. Ní ọjọ́ 31 oṣù August wọ́n na ẹgbẹ́ Marine ní Crosby, lẹ́bàá Liverpool, ayò 5 sí 2. Ẹnu ya àwọn òyìnbó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀: wọ́n borí ní ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n ta ọ̀mì ní ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n sì fìdí rẹmi ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún.

Balogun padà lọ ní ọdún 1955 láti ṣe é níṣẹ́. Peterborough United ló kọ́kọ́ mú un. Ní ọdún 1956 ó dé Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ìpele kẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá ló gbá bọ́ọ̀lù Líìgì fún wọn, ó sì gbá ayò 3 wọlé. Òfin owó tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ṣì wà níbẹ̀. Pọ́n-ùn 15 ní ọ̀sẹ̀ ni òpin rẹ̀ nígbà náà. Ó ti súnmọ́ ọgbọ̀n ọdún. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ náà fi parí ní Ìlú Òyìnbó, ó tilẹ̀ kúrú ju ti Arthur lọ.

Ibi tí ọ̀nà wọn ti yà nìyí. Balogun kọ́ bí a ti ń kọ́ni ní bọ́ọ̀lù, ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó wà lára àwọn ọmọ Áfíríkà tó kọ́kọ́ gbà á. Ó mú un bọ̀ wálé. Ó di kóòṣì ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Nígbà tí Nàìjíríà lọ sí eré Òlíḿpíìkì ní Mẹ́síkò ní ọdún 1968, ó wà lára àwọn tó kọ́ wọn. Ẹgbẹ́ náà bá Brazil ta ọ̀mì, ayò 3 sí 3. Èyí tó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n èyí tó wà ní orí rẹ̀ ṣì ń jẹ́ owó. Ikú ni kò jẹ́ kí ó dàgbà. Ó sùn, kò jí, ní ọjọ́ 30 oṣù July ọdún 1972, ó jẹ́ ẹni ọdún 45. Pápá ìṣeré ńlá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní Surulere, ní Èkó; ó gba ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún.

Nítorí náà bí ìyá kan bá bi wá lónìí bóyá kí ọmọ òun fi iṣẹ́ télọ̀ sílẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù, a máa ń ní kí ó gbá a, kí ó sì máa rán aṣọ. Ojú ọmọ náà máa ń le sí wa. Ó lè le bó bá fẹ́.

Ti Arthur kò parí sínú itẹ́ òkú náà. Àwọn ènìyàn kan ní Sheffield, tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù bá ìkórìíra nítorí àwọ̀ jà, gbọ́ ìtàn rẹ̀. Wọ́n wá ibojì rẹ̀ rí, wọ́n dá owó jọ, wọ́n sì gbé òkúta lé e ní ọdún 1997, lẹ́yìn ọdún 67. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i gbangba, kí ẹni tó bá mọ̀wé lè kà á. Ní ọdún 2003 wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn akọni bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2014 wọ́n gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní St. George's Park, ibi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè náà ti ń múra eré, tí wọ́n sì ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di kóòṣì. Nínú ère náà, Arthur ti fò sókè, ọwọ́ rẹ̀ kan nà tàntàn, ó ń ta bọ́ọ̀lù kọjá lórí igi òkè.